Ohun Tí Ìlẹ̀kẹ̀ Ò Kà sí Ọ̀rọ̀

"Dì í mú ná kó o tó sọ nǹkan kan," Ọ̀jẹ́lábí wí, ó sì na díìsì kan, àwo ike pẹlẹbẹ fún eré jíjù, sí Fẹ̀hìntọlá. "Má wò ó o. Ojú máa tàn ẹ́ jẹ. Ọwọ́ ni kó o fi gbọ́ ọ."

Fẹ̀hìntọlá pa ojú dé, ó gbà á. Oòrùn ò tíì yọ tán lẹ́yìn àpáta. Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ ń ta ni létí, ó sì ń mi àwọn sẹ́ènì ara agbọ̀n kẹfà, agbọ̀n onírin tí wọ́n ń ju díìsì sí, tó wà níwájú wọn, wọ́n ń dún wínrínwínrín. Obìnrin náà fi àtàǹpàkò lọ etí díìsì náà yíká, ó tẹ àárín rẹ̀ wò, ó tún gbé e lé ẹ̀rẹ̀kẹ́.

"Ike ẹ̀gẹ́ ni."

"Kí lo fi mọ̀?"

"Ó ń gba ìka wọlé, bí ẹ̀kọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dì. Bí mo bá jù ú nísinsìnyí, sẹ́ènì á gbà á mọ́ra, kò ní ta á dànù. Ṣùgbọ́n kí fèrè oòrùn tó dún, á ti rọ̀ bí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n rà níná. Ẹ̀gbọ́n, níbo lẹ ti rí i?"

"Wọ́n ń pín in ní ibùdó omi. Wọ́n ní òun ni ìjọba fọwọ́ sí báyìí." Ó gba díìsì náà padà, ó yẹ̀ ẹ́ wò bí ẹni ń wo àlejò tí kò kí ni. "Ike tí ewúrẹ́ lè jẹ."

Pọ́tà ni wọ́n ń pe irú díìsì bẹ́ẹ̀, èyí tí etí rẹ̀ nípọn, tí kì í sáré, tí eléré máa ń fi pamọ́ de ìgbà tí agbọ̀n bá ti sún mọ́ tòsí tó sì ku kó rọra jù ú sínú rẹ̀. Ọdún kẹsàn-án rèé tí àwọn méjèèjì ti ń pàdé láràárọ̀ ní pápá Àpátágún, tí wọ́n ń rìn láti agbọ̀n kìíní dé ìkejìlá, tí wọ́n sì ń fi pọ́tà kan wé òmíràn: èwo ló dùn ún dì mú, èwo ló ń yọ̀ bí ọwọ́ bá làágùn, èwo ni etí rẹ̀ ti jẹ tó fi ń yà sósì. Ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́ta ni Fẹ̀hìntọlá. Òun ló ń tọ́jú pápá náà, ilé rẹ̀ ò sì jìnnà sí agbọ̀n kìíní. Ọ̀jẹ́lábí fi bí ọdún mẹ́jọ jù ú lọ. Awakọ̀ ojú irin ni kó tó fẹ̀yìn tì, ìsàlẹ̀ àpáta ló sì ń gbé, òun nìkan, nínú ilé oníyàrá méjì. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tó wá sí pápá, tí Fẹ̀hìntọlá kí i ní bàbá, ó dá a lóhùn pé, "Má pè mí ní bàbá ẹnikẹ́ni. Ẹ̀gbọ́n ti tó." Láti ọjọ́ náà, Ẹ̀gbọ́n ló ń pè é.

"Ẹ gba tèmi náà," Fẹ̀hìntọlá ní.

Ọkùnrin náà gbà á, kò sì pẹ́ tó fi fajú ro. "O ti fi iyanrìn ha á."

"Díẹ̀ ni."

"Díẹ̀ kọ́ lèyí. Ike ààtàn gidi, tó ti sùn nílẹ̀ fún ọgọ́rin ọdún kí wọ́n tó hú u jáde, o wá ń fi iyanrìn bó o láwọ."

"Ọwọ́ mi ti ń gbẹ, Ẹ̀gbọ́n. Ó ń yọ̀ mọ́ mi lọ́wọ́. Bí mi ò bá ha á, inú igbó ni màá ti lọ máa wá a."

"Ọwọ́ rẹ kọ́ ló gbẹ. O ń fún un mọ́wọ́ jù ni. Ìka méjì lábẹ́, kí àwọn yòókù kàn sinmi létí."

Ó ṣe bó ṣe wí. Díìsì náà fò lọ gbọọrọ, ó kan sẹ́ènì, ó sì jábọ́ sínú agbọ̀n. Ọ̀jẹ́lábí ò yìn ín. Ó kàn mi orí lẹ́ẹ̀kan, ìyẹn sì tó obìnrin náà.

Ti Ọ̀jẹ́lábí fúnra rẹ̀ kì í kúrò lábẹ́ abíyá òsì. Ike òkun ni, irú èyí tí àwọn ọkọ̀ akóke ń fi àwọ̀n wọ́ jáde lójú omi, tí wọ́n ń yọ́ pọ̀. Àwọ̀ eérú ló ní, tó tò tótòtó búlúù àti pupa níbi tí ìdérí ìgò àti okùn àwọ̀n ti para pọ̀. Ike òkun a máa ha ọwọ́ díẹ̀ bí ahọ́n ológbò, òógùn kì í sì í jẹ́ kó yọ̀. Àléébù rẹ̀ ni pé etí rẹ̀ máa ń sán bó bá gbá àpáta. Ti Ọ̀jẹ́lábí yìí ti gbó. Ibi tí àtàǹpàkò ń gbé ti jìn wọnú. Ó máa ń jẹ́ kí Fẹ̀hìntọlá dì í mú, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kó jù ú rí. Lábẹ́ rẹ̀, ẹnì kan ti fi ìṣó kọ orúkọ kan síbẹ̀: Dìran. Lílò ti pa ìdajì rẹ̀ rẹ́, àmọ́ ìka Fẹ̀hìntọlá ti kà á tipẹ́. Kò bèèrè. Ọkùnrin náà ò sì bi í léèrè ọkọ rẹ̀ rí. Bí wọ́n ṣe ń bá a bọ̀ nìyẹn, ó sì tẹ́ àwọn méjèèjì lọ́rùn.

Ọ̀jẹ́lábí ti gbé ọwọ́ sókè láti jù ni ọwọ́ rẹ̀ dúró sójú afẹ́fẹ́. "Fẹ̀hìn. Wo ọrùn rẹ."

Ìlẹ̀kẹ̀ kan ṣoṣo ló wà lọ́rùn obìnrin náà, gẹ́gẹ́ bó ṣe wà lọ́rùn gbogbo ẹni tó ń dá gbé, kí ìjọba lè mọ̀ bóyá wọ́n ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀ lójúmọ́. Bí wọ́n bá ti sọ̀rọ̀ dé agbọ̀n kẹta láràárọ̀, ó máa ń di àwọ̀ ewé, a sì wà bẹ́ẹ̀ títí di ọjọ́ kejì. Lónìí, àwọ̀ ìyeyè ló wà. Ti Ọ̀jẹ́lábí náà rí bẹ́ẹ̀.

"Bóyá ó ti bàjẹ́," Fẹ̀hìntọlá ní.

"Méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà?"

"Àbí a ò tíì sọ̀rọ̀ tó ni?"

"Ta ni ò sọ̀rọ̀ tó? Látìgbà tá a ti kúrò ní agbọ̀n kìíní, ẹnu wa ò dákẹ́."

Wọ́n tún sọ̀rọ̀ sí i. Wọ́n sọ̀rọ̀ nípa etí tó nípọn àti etí tó fẹ́lẹ́, wọ́n ń gbé ohùn sókè, wọ́n ń tẹ àgbọ̀n mọ́ àyà kí ẹnu wọn lè sún mọ́ ìlẹ̀kẹ̀, wọ́n sì mọ̀ pé àwọn dà bí ẹni tí orí rẹ̀ ò pé. Ìlẹ̀kẹ̀ ò yí padà. Ìgbà tí wọ́n dé agbọ̀n kejìlá ni òpó ìkéde tó wà níbẹ̀ tó la ọ̀rọ̀ náà yé wọn. Ohùn obìnrin kan tó dùn létí ló jáde láti inú rẹ̀.

"Ẹ kú àárọ̀, ẹ̀yin ará Àpátágún. Àtúnṣe ti bá Òfin Má-Dá-Wà láti òní lọ. Ìlẹ̀kẹ̀ yín ò ní ka ọ̀rọ̀ nípa nǹkan mọ́. Ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́, ọ̀rọ̀ oúnjẹ, ọ̀rọ̀ iṣẹ́, ọ̀rọ̀ eré, kò sí nínú rẹ̀ mọ́. Ọ̀rọ̀ tó bá ti inú ẹnì kan wá sí inú ẹlòmíràn nìkan ni. Ẹni tí ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀ bá pupa fún ọjọ́ mẹ́ta léra wọn, a ti tẹ́ ibùsùn sílẹ̀ dè é ní Ilé Àjùmọ̀gbé. Ẹ má dá wà o. A nífẹ̀ẹ́ yín."

"A nífẹ̀ẹ́ yín," Ọ̀jẹ́lábí tún un sọ. "Àwọn wo ni?"

Fẹ̀hìntọlá mọ ìdí tí òfin náà fi wáyé. Ó ṣojú rẹ̀, ìgbà tí wọ́n ń já ilẹ̀kùn àwọn ilé kan wọlé, tí wọ́n ń bá ẹni tó ti kú lọ́sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn lórí àga, tí ẹ̀rọ ilé rẹ̀ sì ń bá a sọ̀rọ̀ síbẹ̀, tó ń bi í bóyá ó ti jẹun. Òun náà ní ọ̀kan nígbà yẹn, èyí tó ń fi ohùn Látúndé ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ lẹ́yìn tí ọkùnrin náà kú. Ọdún méjì ló fi ń kí ohùn náà kú àárọ̀ kí àwọn ìjọba tó wá gbé ẹ̀rọ náà lọ, tí wọ́n fi ìlẹ̀kẹ̀ kọ́ ọ lọ́rùn. Ìlẹ̀kẹ̀ ò gba ìpè láti òkèèrè gbọ́. Èémí ẹlòmíràn ló ń wá, nítòsí. Mobọ́ládé ọmọ rẹ̀ ń pè é láti ìlú òtútù lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀, àmọ́ lójú ìlẹ̀kẹ̀, kò sẹ́ni tó pè é.

Kó tó di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ìlẹ̀kẹ̀ àwọn méjèèjì ti di pupa.

Lọ́jọ́ kejì, wọn ò dé ìdí agbọ̀n kankan. Wọ́n jókòó sórí àpáta lábẹ́ igi ẹmi bí ẹni tí wọ́n pè wá jẹ́jọ́.

"Ìwọ ni kó o kọ́kọ́ sọ," Ọ̀jẹ́lábí ní.

"Kí n sọ kí ni?"

"Ohun tó wà nínú rẹ."

Fẹ̀hìntọlá rò ó. "Ẹ̀kọ àti àkàrà ló wà níbẹ̀ báyìí."

Ẹ̀rín pa àwọn méjèèjì, ẹ̀rín àrínsunkún. Ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn Ọ̀jẹ́lábí ṣe bí ẹni máa tutù di àwọ̀ ewé, àmọ́ ó tún padà sí bó ṣe wà.

"Ó dáa," Fẹ̀hìntọlá ní nígbà tó nu ojú tán. "Báwo ni inú yín ṣe rí, Ẹ̀gbọ́n?"

"Inú mi dáa."

"Ṣé ó máa ń bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan?"

"Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan."

"Kí ló máa ń bà á jẹ́?"

Ọkùnrin náà ṣa eèrà kan kúrò lára ṣòkòtò rẹ̀. "Ike ẹ̀gẹ́."

Wọn ò rẹ́rìn-ín mọ́. Fẹ̀hìntọlá gbìyànjú àlá kan tí kò lá, nípa omi tó ń kún ilé. Ìlẹ̀kẹ̀ ò dá a lóhùn. Ó mọ irọ́. Ó wá mí kanlẹ̀, ó ní, "Ọkọ mi, nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ kan kó kú..." Kò tíì sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ tí Ọ̀jẹ́lábí fi yára gbé ojú kúrò, bí ẹni tó ṣí ilẹ̀kùn bá ẹni tó ń wẹ̀.

"Má ṣe é," ó ní jẹ́jẹ́. "Kì í ṣe nítorí ìlẹ̀kẹ̀."

Wọ́n jókòó bẹ́ẹ̀ títí fèrè oòrùn fi dún jákèjádò ìlú, tí gbogbo ènìyàn ní láti wọ abẹ́ òrùlé kí ooru tó dé. Kò sí ẹni tó dágbére fún ẹnì kejì. Wọn kì í dágbére fúnra wọn tẹ́lẹ̀ náà, ṣùgbọ́n ti ọjọ́ yẹn wọ Fẹ̀hìntọlá lára.

Lọ́jọ́ kẹta, bí ó ṣe ń pọn omi ní ibùdó omi, obìnrin kan tí kò mọ̀ rí kí i pé ṣé àlàáfíà ni. Kò mọ ìgbà tó fèsì pé, "Ẹ̀rù ń bà mí. Wọ́n fẹ́ mú ẹnì kan lọ." Kò sọ jù bẹ́ẹ̀. Nígbà tó délé, tó wo dígí, ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀ ti kúrò ní pupa, ó ti di àwọ̀ ìyeyè. Ó dúró síwájú dígí náà fún ìgbà díẹ̀. Ó mọ̀ pé Ọ̀jẹ́lábí kì í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ ní ibùdó omi. Yóò pọn omi rẹ̀, yóò sì lọ.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹrin, wọ́n wà ní agbọ̀n kẹrin nígbà tí ọkọ̀ kan tí kò ní awakọ̀ rọra gun ọ̀nà òkè wá, ó sì dúró. Ọmọbìnrin bí ẹni ọgbọ̀n ọdún ló sọ̀ kalẹ̀. Ó wọ aṣọ àwọn òṣìṣẹ́ Má-Dá-Wà, ó sì kúnlẹ̀ kí wọn lórí òkúta gan-an.

"Ẹ kú àárọ̀, sà. Ẹ kú àárọ̀, mà. Ìbíyẹmí lorúkọ mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé mo wá bá yín lórí eré."

"A ò ṣeré," Ọ̀jẹ́lábí ní. "À ń sọ̀rọ̀."

"Kí lẹ̀ ń sọ, sà?"

"Mò ń sọ fún un pé pọ́tà tí wọ́n bá fi iyanrìn ha kì í pẹ́. Á dùn ún dì mú lóṣù kan, lẹ́yìn náà á bẹ̀rẹ̀ sí í bó."

Ìbíyẹmí dìde, ó wo ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn ọkùnrin náà, ó sì wo ilẹ̀. Ilẹ̀kùn ọkọ̀ náà ṣí sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n ti ká kúbùsù kan dáadáa sórí ìjókòó, wọ́n gbé ìgò omi tì í.

Fẹ̀hìntọlá bọ́ síwájú. "Ọmọ mi, fọwọ́ kan èyí." Ó nawọ́ sí Ọ̀jẹ́lábí. Ọkùnrin náà ṣiyèméjì, ó sì fa pọ́tà ike òkun náà yọ lábẹ́ abíyá, ó fi lé e lọ́wọ́. Fẹ̀hìntọlá mú ọwọ́ ọmọbìnrin náà, ó fi àtàǹpàkò rẹ̀ sí ibi tó jìn. "Ṣé o gbọ́ ọ? Bí Ẹ̀gbọ́n bá sọ fún mi láàárọ̀ pé ibí yìí tún ti jẹ sí i, mo mọ̀ pé wọn ò sùn, pé wọ́n dì í mú mọ́jú ni. Màá wá rọra rìn lọ́jọ́ náà, mi ò ní borí wọn nínú eré. Bí mo bá sọ fún wọn pé díìsì ń yọ̀ mọ́ mi lọ́wọ́, wọ́n mọ̀ pé ara mi ò le. Lọ́jọ́ kejì wàá rí iṣu tí wọ́n bó sínú abọ́ lẹ́nu ọ̀nà mi. Wọn ò ní sọ pé àwọn ni, èmi náà ò ní dúpẹ́. Ọdún mẹ́sàn-án nìyẹn. Kí wá ni kì í ṣe ọ̀rọ̀ níbẹ̀?"

Ìbíyẹmí ò gbé àtàǹpàkò rẹ̀ kúrò lára díìsì náà fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Mo gbọ́ yín, mà. Mo gbọ́ yín dáadáa. Ìlẹ̀kẹ̀ ni ò gbọ́." Ó dá díìsì náà padà fún Ọ̀jẹ́lábí pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. "Bó bá yí padà kí n tó kúrò níbí, kò sí ohun tí mo ní í ṣe pẹ̀lú Bàbá. Gbólóhùn kan péré ti tó. Màá lọ dúró sí ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ yẹn. Ẹ ò ní rí ojú mi."

Ó rìn lọ sí ìdí igi kan, ó sì kọ ẹ̀yìn sí wọn.

"Ẹ sọ nǹkan, Ẹ̀gbọ́n," Fẹ̀hìntọlá ní. "Ohunkóhun. Ẹ sọ ohun tó dùn yín."

"Mo ti palẹ̀ mọ́," Ọ̀jẹ́lábí ní.

Ìgbà náà ni obìnrin náà tó rí àpò kékeré tó wà lẹ́sẹ̀ agbọ̀n. Aṣọ méjì, bóyá mẹ́ta, ló lè wà nínú rẹ̀. Ọkùnrin náà ti gbé e wá láti ilé láàárọ̀, ó ti gbé e rìn láti agbọ̀n kìíní dé ìkẹrin, tó ń sọ̀rọ̀ nípa iyanrìn, kò sì mẹ́nu kàn án.

Fẹ̀hìntọlá ti dé Ilé Àjùmọ̀gbé lẹ́ẹ̀kan rí, láti kí ẹnì kan. Ogójì ibùsùn ló wà nínú gbọ̀ngàn kan. Àwọn olùtọ́jú máa ń jókòó yí èèyàn ká lẹ́yìn oúnjẹ, wọ́n á ní kó sọ bó ṣe ń ṣe é lára, wọn ò sì ní dìde títí yóò fi sọ ọ́. Wọ́n ń kọrin. Ẹni tó lọ kí yẹn dì í lọ́wọ́ mú nígbà tó fẹ́ máa lọ, ó ní kó bá òun wá ibi tó dákẹ́.

Orúkọ kan wà lẹ́nu Fẹ̀hìntọlá. Ọjọ́ pẹ́ tó ti wà níbẹ̀. Bó bá gbé e mì, Ọ̀jẹ́lábí á gbé àpò rẹ̀, á wọ ọkọ̀ yẹn bó ṣe wọ pápá yìí lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kò ní sẹ́ni tó bi í ní nǹkan kan, ó kéré tán títí á fi débẹ̀. Bó bá sọ ọ́ jáde, ilé oníyàrá méjì yẹn á kù fún un. Ó wo ọwọ́ ọkùnrin náà. Àtàǹpàkò rẹ̀ ti wà nínú ibi tó jìn yẹn, ó ń lọ ọ́ síwá sẹ́yìn.

"Bàbá Dìran," Fẹ̀hìntọlá pè.

Àtàǹpàkò náà dúró.

"Dìran ńkọ́?"

Ọ̀jẹ́lábí wò ó sùn-ùn. Kò bínú, ì bá ti sàn fún obìnrin náà kó bínú. Ó wò ó bí ẹni tó pàdé ènìyàn lójú ọ̀nà, tó rò pé òun mọ̀ ọ́n, tó wá sún mọ́ ọn tán tó rí i pé òun ṣì í mú ni. Lẹ́yìn náà ó gbé ojú sí agbọ̀n, ó sì dáhùn.

"Ọkọ̀ akóke ló ń bá ṣiṣẹ́. Òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe èyí fún mi. Ó wálé lọ́dún kan, ó ń wúkọ́. Ó ní òun ò fẹ́ padà sójú òkun mọ́. Mo ní kó padà, ó ku ọdún kan péré kó parí àdéhùn rẹ̀. Mo fi ọkọ̀ ojú irin tí mò ń wà gan-an gbé e dé etíkun. Ó wọnú ọkọ̀. Ọkọ̀ náà ò dé mọ́."

Ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn rẹ̀ tutù, díẹ̀díẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà ó di àwọ̀ ewé mìnìjọ̀. Ti Fẹ̀hìntọlá náà bẹ́ẹ̀.

Ìbíyẹmí ti yíjú padà. Ó sáré wá, omi ti lé ròrò sí i lójú, ó di ọwọ́ Fẹ̀hìntọlá mú. "Ẹ ṣé, mà. Ẹ ṣé gan-an. Ẹ ti rí i pé ó ṣeé ṣe!" Ó kúnlẹ̀ fún Ọ̀jẹ́lábí lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sì lọ. Ọkọ̀ náà sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú kúbùsù tí ẹnikẹ́ni ò tú.

"Ẹ̀gbọ́n," Fẹ̀hìntọlá ní.

Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀, ó gbé àpò rẹ̀. Ó ku agbọ̀n mẹ́jọ níwájú wọn. Ó gba ojú ọ̀nà ìsàlẹ̀ lọ, bó ṣe máa ń rìn, kò yára, kò sì falẹ̀.

Kò wá lọ́jọ́ kejì. Kò wá lọ́jọ́ kẹta ẹ̀wẹ̀. Fẹ̀hìntọlá ń dìde lásìkò, ó ń gbálẹ̀ ìdí àwọn agbọ̀n, ó ń ju díìsì láti ìkíní dé ìkejìlá láìsí ẹni tó ń mi orí. Lọ́jọ́ karùn-ún, ó lọ kanlẹ̀kùn ilé oníyàrá méjì náà. Ó gbọ́ ìró ẹsẹ̀ nínú ilé, ìró náà sì dákẹ́ lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Àwọn méjèèjì dúró bẹ́ẹ̀, pákó kan ṣoṣo láàárín wọn. Ó fẹ́ sọ pé kó má bínú. Ó ronú pé ìyẹn náà jẹ́ ọ̀rọ̀ tí ìlẹ̀kẹ̀ máa kà, ó sì padà sílé.

Torí kí wọ́n má baà wá mú òun náà, ó ń lọ sí ibùdó omi lójoojúmọ́, ó ń sọ fún ẹni tó bá wà níwájú tàbí lẹ́yìn rẹ̀ pé òun ṣẹ ẹnì kan, àti pé òun ò mọ bóun ṣe máa tún un ṣe. Wọ́n ń bá a kẹ́dùn. Wọ́n ń fọwọ́ bà á léjìká. Ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀ kì í kúrò ní àwọ̀ ewé mọ́, àwọn aládùúgbò sì ń sọ fún un pé ojú rẹ̀ ti mọ́, pé òfin tuntun yìí bá a lára mu. Bó bá délé, á jókòó, á sì rí i pé òun ò tíì dá wà tó báyìí rí, àní nígbà tí wọ́n gbé ohùn Látúndé lọ.

Ìgbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì ló gbọ́ ohùn Ọ̀jẹ́lábí níwájú ní ìlà àwọn tó ń pọnmi. Èèyàn mẹ́fà ló wà láàárín wọn. Ọkùnrin kan tó gbé kẹ́ẹ̀gì méjì ló ń bá sọ̀rọ̀, ẹni tí kò mọ̀ rí.

"Ó ní òun ò fẹ́ padà sójú òkun mọ́," ni Ọ̀jẹ́lábí ń wí. "Mo ní kó padà." Bó ṣe ń sọ ọ́ dà bí awakọ̀ tó ń ka orúkọ àwọn ibùdókọ̀ tó kù níwájú.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Bàbá," ọkùnrin náà dáhùn, ó sì gbé kẹ́ẹ̀gì kan láti ọwọ́ ọ̀tún sí òsì. "Ẹ pẹ̀lẹ́."

"Ọkọ̀ náà ò dé mọ́," Ọ̀jẹ́lábí ní. Ó wo ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀, ó rí i pé ó ti tutù, kò sì sọ nǹkan kan mọ́. Ó pọn omi rẹ̀ tán, ó yíjú, ojú rẹ̀ àti ti Fẹ̀hìntọlá sì ṣe mẹ́rin.

Ó ń bọ̀ wá sí apá ọ̀dọ̀ rẹ̀, torí pé ọ̀nà míì ò sí. Fẹ̀hìntọlá tẹjú mọ́lẹ̀. Ó rí bàtà ọkùnrin náà tó kọjá, ó gbọ́ omi tó ń ṣàn nínú kẹ́ẹ̀gì rẹ̀. Ìṣísẹ̀ méjì, mẹ́ta. Ìró ẹsẹ̀ náà dúró.

"Èyí tó o fi ń jù láti ọjọ́ Ajé," Ọ̀jẹ́lábí wí, kò yíjú padà tán. "Ó ń yà bó bá ń fò. Etí rẹ̀ ti ń ká."

Fẹ̀hìntọlá gbé orí sókè. Pọ́tà ike ẹ̀gẹ́ tuntun kan ló gbà ní ibùdó yìí lọ́sẹ̀ náà, torí kò lè fojú rí ti àtijọ́. Ọjọ́ Ajé ló bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó. Kò sí ẹlòmíràn ní pápá lọ́jọ́ náà, àfi bí ẹnì kan bá wà lókè àpáta tó ń wò ó.

"Apá ibo?" ó béèrè.

"Apá tí oòrùn ń kàn. Ojú fèrèsé tó ò ń gbé e sí ló fà á. Ibi tútù ni kó máa wà."

Ó sì lọ. Fẹ̀hìntọlá ń wo ẹ̀yìn rẹ̀ títí ó fi yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ àpáta, títí obìnrin tó wà lẹ́yìn rẹ̀ fi fọwọ́ tọ́ ọ pé, "Ìyá, ẹ̀yin ló kàn." Ó gbé kẹ́ẹ̀gì sábẹ́ ẹ̀rọ. Obìnrin náà bi í pé báwo ni ara, ṣé kò sí nǹkan. Ó ní kò sí nǹkan kan.

Nígbà tó délé, ó mú díìsì náà kúrò lójú fèrèsé. Ó pa ojú dé, ó fi àtàǹpàkò lọ etí rẹ̀ yíká. Òótọ́ ni. Apá kan ti ń ká sókè díẹ̀, díẹ̀ tó jẹ́ pé ojú ò lè rí i. Ó gbé e lọ sórí ilẹ̀ tútù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò omi, ó sì jókòó tì í.